Ṣéènì Ọjọ́ Ẹtì

Ṣọlápé dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó ní mo ba Ọjọ́ Ìsinmi jẹ́.

Kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Kò pè mí sí ẹ̀yìn ilé ìsìn kó bi mí pé Màmá Níyì, kí ni mo rí yẹn. Ó di gbohùngbohùn mú, ó ti awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òun fi ojú ara òun rí díákónẹ́ẹ̀sì kan létí títì ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ mímọ́, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Díákónẹ́ẹ̀sì kan. Ta ló tún ń gun kẹ̀kẹ́ nínú wa? Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó lẹ́yìn, ọwọ́ mi dúdú dé ọrùn ọwọ́, mo sì fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Pé mo fi ọwọ́ pamọ́. Ọwọ́ tí kò jalè—

Ó dáa. Jẹ́ kí n dojú kọ ṣéènì.

Mo ti yọ ọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́. Mo ti dojú kẹ̀kẹ́ dé sábẹ́ igi ọsàn, táyà méjèèjì ń wo òkè, ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ ló fi tẹlẹ̀. Ṣéènì ká jọ sínú abọ́ kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Kẹrosíìnì náà ti di àwọ̀ ọbẹ̀ tó jóná. Iyanrìn pupa ọ̀nà wa nìyẹn. Iyanrìn yìí ló ń jẹ ṣéènì, kì í ṣe gígùn. Àwọn ènìyàn á da òróró lé ìdọ̀tí lórí, òróró á sì di ìdọ̀tí náà mú gírígírí, wọ́n á máa gùn ún lọ, wọ́n á ní àwọn ti tọ́jú rẹ̀. Wọn kò tọ́jú nǹkan kan. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ ojú kọ̀ọ̀kan, nínú, lóde, lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí irin á fi hàn.

Mo ń fọ̀ ọ́. Ojú kan. Mo yí i. Òmíràn.

Oòrùn ṣì wà lókè òrùlé ilé kejì. Mo ní àyè. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn, nísàlẹ̀ títì lọ́hùn-ún, mo gbọ́dọ̀ ti so ṣéènì padà, kí n ti wẹ̀, kí n ti wọ aṣọ, nítorí bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Ọjọ́ Ìsinmi wa ti wọlé nìyẹn, iṣẹ́ ti parí, ó parí tàbí kò parí. Oúnjẹ ọ̀la ti wà nínú kúlà. Bàbá Níyì ti lọ aṣọ tirẹ̀ àti tèmi. Bàtà ti dán. Ṣéènì ló máa ń kẹ́yìn, torí ọwọ́ tó bá ti kàn án kò gbọdọ̀ kan aṣọ funfun mọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. N kò fo ọjọ́ Ẹtì kan rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gún mi nìyẹn. Bí ó bá ní mo le koko, mo gbà. Bí ó bá ní ẹnu mi mú, mo gbà, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí Ṣọlápé ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó ní èmi, Kíkẹ́, ni mo fi iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀ di Sátidé... Èmi tí mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń bi àwọn ọmọge pé ìgbà wo ni wọ́n lọ aṣọ yẹn. Èmi tí mo dá ìyàwó tuntun kan padà sílé torí pé ó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ àga bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Òfin. Mo mọ̀. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ náà mo gbọ́ ọ kedere, ẹnìkan lórí àga iwájú mi, ó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Ìyá Òfin náà ti rú òfin. Ẹnìkejì sì fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Ẹ̀rín ni ó ń bò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Mo ti rò ó títí, kò ju báyìí lọ.

Mo ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí ìsìn. Obìnrin kékeré kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Sísáré o, kì í ṣe rírìn. Mo dúró. Ó ní láti Sábó ní Ṣàgámù ni òun ti ń bọ̀, epo ló tán mọ́ ọlọ́kadà tó gbé òun lọ́wọ́, ọlọ́kadà ti gbé ike lọ wá epo, òun kò lè dúró dè é, ọmọ ń gbóná, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú. Ilé-ìwòsàn ńlá ló ń lọ. Mo ní gun ẹ̀yìn. Kò bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ lè gbé wa. Ó gùn ún. A kò tíì lọ jìnnà tí nǹkan fi fà á sẹ́yìn. Híjáàbù rẹ̀. Etí aṣọ náà ti wọ inú ṣéènì, ṣéènì ń gbé e mì, aṣọ ń fún un lọ́rùn. Kò ké. Bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ tí ikọ́ náà kò jáde ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Mo tẹ bíréèkì.

Ẹ̀yìn ni èèyàn máa ń yí i sí. Bí o bá fà á síwájú, á tún gbé aṣọ mì sí i. Mo yí i sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, mo fi eyín ya ibi tí kò fẹ́ jáde. Aṣọ jáde, ṣéènì bọ́ kúrò lórí irin rẹ̀. Obìnrin náà gbé ọmọ lọ sábẹ́ igi obì kan nísàlẹ̀ títì kó lè fún un lọ́mú. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, mò ń dá ṣéènì padà.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ Ṣọlápé kọjá.

Ó rí mi. Èmi náà rí i. Mo rí i tí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà pọ́n, bí ẹni pé ó fẹ́ dúró, mo sì sọ nínú mi pé ọkọ̀ dé, ọpẹ́ ni f’Ólúwa. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ dúdú yìí. Mo pè é. Iná náà kú. Ó lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì yìí ti fẹ́ pá. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọkọ̀ ṣófo, ó lọ. Kẹ̀kẹ́ ló gbé ọmọ náà dé ẹnu géètì ilé-ìwòsàn, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, obìnrin náà káṣọ rẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn mi, ó ń pe Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá, èmi ń pè é ní Yorùbá. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Mo tún gun kẹ̀kẹ́. Mo dé ìsìn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkéde lọ́wọ́. Mo jókòó. Ó sì di gbohùngbohùn mú...

Kí ló dé tí n kò dìde níbẹ̀ kí n sọ ọ́? Bàbá Níyì ti bi mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Jẹ́jẹ́ ló ń bi mí, bí ìṣe rẹ̀. John ọkọ mi kì í pariwo. Ó ní gbólóhùn kan ni, Kíkẹ́, jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ ọ́. Mo ní rárá. Ó ní ìgbéraga ni. Mo ní kì í ṣe ìgbéraga. Ó ní kí ni a ń pè é nígbà náà? Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá gbé ọmọ ọlọ́mọ sókè níwájú ìjọ pé ẹ wò ó, ohun tí mo ń ṣe nìyí, ṣé ẹ ti rí i pé mo dáa báyìí, mo ti fi ọmọ náà ra orúkọ mi padà nìyẹn. N kò gbé e torí ìyẹn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ láìbéèrè, òun ni kó lọ bèèrè. Níbi tó ti sọ ọ́, níbẹ̀ ni kó ti kó o nílẹ̀.

Pásítọ̀ náà pè mí. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní ṣé ẹ ní àlàyé, Mọ́mì? Mo ní ẹni tó rí mi ló yẹ kó ní àlàyé. Ó mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ ná nínú iṣẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì. Kí n sinmi. Èmi tí wọ́n ní n kò mọ ìsinmi.

Ọ̀la sì ni Oúnjẹ Olúwa. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe díákónẹ́ẹ̀sì, èmi ni mo ń yan búrẹ́dì rẹ̀, búrẹ́dì tí a kì í fi ìwúkàrà sí. Hadassah, ọ̀kan nínú àwọn ọmọge ìjọ, ni wọ́n gbé e fún báyìí. Ó wá síbí lánàá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní Mọ́mì, ẹ má bínú, báwo ni òróró rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó? Ọmọ dáadáa ni. N kò lè bá a bínú. Mo sọ òótọ́ fún un, mo ní kò gbọdọ̀ pọ̀, bí ó bá pọ̀ kò ní ṣeé bù, á máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó dúpẹ́. Ó dé ojú ọ̀nà, ó tún padà, ó ní Mọ́mì, n kò gbà á gbọ́ o. Mo ní kí ni? Ó ní ohun tí wọ́n sọ. Mo ní lọ yan búrẹ́dì rẹ.

Ó ti mọ́. Mo fà á jáde nínú abọ́, kẹrosíìnì ń kán sílẹ̀. Mo fi àkísà fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún fà á, dúdú ń jáde lára rẹ̀, ó ń dín kù. Mo gbé e kọ́ ẹ̀ka ọsàn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò gbọdọ̀ tutù nígbà tí òróró bá dé. Kẹrosíìnì tó bá kù sínú á lé òróró jáde.

Kí a tó jẹ búrẹ́dì náà lọ́la, a ó wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Obìnrin á wẹ ẹsẹ̀ obìnrin, ọkùnrin á wẹ ti ọkùnrin, abọ́ omi àti táwẹ́ẹ̀lì, a ó kúnlẹ̀. Èmi àti Ṣọlápé la jọ máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Ó ti pẹ́. Dókítà ni ní yunifásítì, ó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá, òun sì ni olórí àwa díákónẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúnlẹ̀ kò sí dókítà mọ́. Ó máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí abọ́ tèmi torí orúnkún mi. Ó mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí, mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì gbàgbé.

Ìdí nìyí tí... Rárá. N kò ní rò ó síbẹ̀.

Ohun tí n ó ṣe lọ́la nìyí. N ó gun kẹ̀kẹ́ mi lọ ní gbangba. N kò ní gba ọ̀nà ẹ̀yìn. N ó gbé e ti ẹnu ọ̀nà ńlá, níbi tí olúkúlùkù á ti rí i. N ó jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Bí wọ́n bá dìde láti lọ wẹ ẹsẹ̀, tí kò bá tíì sọ nǹkan kan, n ó dìde, n ó jáde, n ó gun kẹ̀kẹ́ mi padà wálé láìjẹ láìmu. Wọn kò ní gbọ́ ìró kan. Ṣéènì yìí kò ní dún. Èmi náà kò ní dún. Bí ó bá jẹ́ ọdún mélòó ni n ó fi máa ṣe bẹ́ẹ̀, n ó máa ṣe é.

Torí ó ti mọ̀ báyìí. Ohun tó yí padà lónìí nìyẹn. Títí di àná, kò mọ̀. Mo lè sọ pé kò mọ̀.

Ṣùkúrátù, bí obìnrin náà ṣe ń jẹ́ nìyẹn, ó wá síbí lọ́sàn-án yìí. Ó gbé ọmọ wá. Ọmọ náà ti sanra, ó fa gèlè mi, ó fẹ́ jẹ ẹ́. Ó sì gbé obì wá, gbàǹja, ó fi ewé dì í dáadáa bí àwọn ará Sábó ṣe máa ń dì í, ilé olóbì ni wọ́n fẹ́ ẹ sí. Mo ní ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìjọ wa kì í jẹ obì. Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ fún pé a kì í mu omi. Ó ní nítorí kí ni, Mọ́mì? Mo ní kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Ó ní ṣebí torí bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń jẹ ẹ́. Bàbá Níyì rẹ́rìn-ín nínú ilé. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àlejò, àlejò yín kò lè jẹ́ ìjọ yín nìkan. Ó wà lórí pèpéle níbẹ̀ yẹn. N kò mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, bí ẹni sọ nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan. Ó ní ilé ìsìn yín ni mo kọ́kọ́ lọ, Mọ́mì. Mo bá mádàámù kan tó lo awò ojú, ó ń to òdòdó. Mo ní mo ń wá màmá oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ tí ọmọ mi fẹ́ kú. Ó ní ọjọ́ wo nìyẹn? Mo ní Sátidé ni. Ó ní ibo? Mo júwe ibẹ̀ fún un. Ó ní ṣé màmá náà gbé ọwọ́ sókè? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pe ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà kò dúró, mo sì ṣépè fún ẹni tó ń wà á.

Ó ní lẹ́yìn náà ni mádàámù náà jókòó. Ó ní orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, Mọ́mì, pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, mo rò pé ó ń ṣàìsàn.

N kò sọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà fún un. Mo ní kó ká èpè náà kúrò. Ó ní èpè wo? Mo ní èyí tí o ṣẹ́. Ó ní ó dáa, òun ti ká a.

Inú mi dùn pé Ṣọlápé jókòó sílẹ̀. Kí n má parọ́ fún ara mi. Inú mi dùn títí mo fi sin ìyá ọmọ dé ojú títì, mo sì padà wá yọ ṣéènì, ọwọ́ mi yá bí ọwọ́ ẹni tí ń lọ sí ìgbéyàwó.

Fóònù dún lẹ́yìn náà. Bàbá Níyì gbé e wá síbí, ó ní Dókítà ni o. Mo ní sọ fún un pé ọwọ́ mi kò mọ́. Ó ní n ó gbé e sí ọ létí. Mo ní lójú gbogbo ènìyàn ló ti dójú tì mí, kì í ṣe létí. Fóònù dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tún dún. Ó tún dákẹ́. Kò sí ìgbà tí n ó gbà á. Bí ó bá fẹ́, kó gba ẹ̀yìnkùlé wá lálẹ́ yìí pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá, kó ní Màmá Níyì, ẹ jẹ́ á fi í sí àárín àwa méjèèjì... Rárá. Kò fi í sí àárín àwa méjèèjì nígbà tó ń sọ ọ́.

Ṣéènì ti gbẹ. Mo gbé e sórí itan mi, lórí àkísà. Mo ń fi ọwọ́ tẹ ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣẹ́ ẹ síbí, mo ń ṣẹ́ ẹ sọ́hùn-ún. Wọ́n rọ̀. Wọ́n rọ̀. Èyí kò rọ̀.

Èyí kọ̀. Mo ṣẹ́ ẹ, ó dúró gan-an bí ìka ẹni tí oríkèé ń ro. Báwo ló ṣe jẹ́ tí n kò rí i nígbà tí mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá? Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́... abẹ́rẹ́ wà létí ìborùn mi. Mo tì í bọ inú rẹ̀, mo yí i, mo fà. Òwú. Òwú kan tó gùn tó ìka mi, òróró ti sọ ọ́ di dúdú, ṣùgbọ́n níbi tó ti já ó ṣì ní àwọ̀ ewé. Òwú híjáàbù Ṣùkúrátù nìyí. Ó ti ń bá mi lọ sí ìsìn láti ìgbà náà, nínú ṣéènì, nígbà tí wọ́n ń wò mí.

Ẹ̀rí rèé. Mo lè so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́la. Wọ́n á bi mí pé kí nìyí, Màmá Níyì, n ó sì...

Rárá. N kò wá ẹ̀rí. Bí mo bá wá ẹ̀rí, mo ti ń rojọ́ nìyẹn, ẹni tí ń rojọ́ sì ti gbà pé ó yẹ kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Mo jù ú sínú abọ́ kẹrosíìnì. Ó rì.

Mo ṣẹ́ ojú náà. Ó ti rọ̀.

Òróró kù. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń lò, ìgò kékeré, kì í ṣe ọ́ìlì ọkọ̀, ọ́ìlì ọkọ̀ ti nípọn jù. Mo ń fi ìyẹ́ adìyẹ kán an sí ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán kan, mo ṣẹ́ ẹ, kó lè wọnú. Inú ló ń fẹ́ òróró. Bí mo bá kán gbogbo rẹ̀ tán, n ó fi àkísà nu òde rẹ̀ gbẹ, kó má baà kó iyanrìn. Ẹ̀kán kan. Mo ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀kán kan. Oòrùn ti ń fọwọ́ kan orí igi àgbọn. Ó ku díẹ̀ kó parí. Díẹ̀ péré. N ó so ó, n ó wẹ̀—

Gbohùngbohùn ilé ìsìn ké fíì. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ tí a fi ń gba Ọjọ́ Ìsinmi wọlé nìyẹn. Orin ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí orin. Ẹnìkan ń fọwọ́ gbá a, pọ́, pọ́, bóyá ó ń gbé ohùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó kọrin.”

Ohùn rẹ̀ ni.

“Kí oòrùn tó wọ̀. Nǹkan kan wà tí kò yẹ kí n gbé wọ inú Ọjọ́ Ìsinmi.”

Ẹ̀kán kan. Mo ṣẹ́ ẹ. Ọwọ́ mi ń lọ fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti gba orí títì kọjá, àwọn tó ń ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ìgun ọ̀nà á máa gbọ́ ọ, àwọn ọlọ́kadà náà.

“Ibí yìí ni mo dúró sí tí mo fi sọ̀rọ̀ nípa Màmá Níyì. N kò dárúkọ wọn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹ ó mọ̀ wọ́n láìdárúkọ, ìdí tí n kò fi dárúkọ wọn nìyẹn. Mo dárúkọ wọn lónìí.”

Ẹ̀kán kan. Mo ṣẹ́ ẹ.

“Ọwọ́ dúdú ni mo rí. Wọ́n gbé e sókè sí mi. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n ni, pé wọ́n ń bẹ̀ mí kí n má sọ. N kò dúró. Ọmọ kan ń ṣàìsàn lábẹ́ igi níbẹ̀, ọkọ̀ mi ṣófo, n kò sì dúró.”

Ohùn náà gé. Agogo dún nínú gbohùngbohùn, agogo ilé ìsìn, ó dún jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń dún ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, n kò sì mọ ohun tó ń sọ fún mi, títí mo fi wo ìsàlẹ̀.

Ìyẹ́ adìyẹ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kán òróró wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé ojú sókè. Kò sí oòrùn lẹ́yìn igi àgbọn mọ́. Pupa díẹ̀ ló kù.

Ó ti wọ̀.

Mo jókòó lójú gbangba, létí títì, èmi Kíkẹ́, ṣéènì wà lórí itan mi, ọwọ́ mi dúdú dé ọrùn ọwọ́, Ọjọ́ Ìsinmi ti wọlé bá mi. Kò sí ọmọ lábẹ́ igi. Kò sí aṣọ tó fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bí ẹnìkan bá ń kọjá nísinsìnyí tó wò mí, tó lọ sọ ohun tó rí, òótọ́ ni yóò sọ. Ẹni náà kò sì ní mọ̀ pé ńṣe ni mo ń gbọ́ ohùn kan. Bó ṣe rọrùn tó láti ṣàṣìṣe nìyí. Bó ṣe rọrùn fún ẹni tó ń wò... àti fún ẹni tí wọ́n ń wò.

Ó ku ojú díẹ̀ tí n kò kán nǹkan sí. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìyẹ́ sílẹ̀. Mo dé ìgò. Mo gbé ṣéènì sílẹ̀ sórí àkísà, síbi tó dé, kẹ̀kẹ́ sì dojú dé níbẹ̀ láìní ṣéènì. N kò ní gùn ún lọ́la. Ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn dé ibẹ̀. Bàbá Níyì ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọwọ́ mi. N kò fi í pamọ́.

“Iṣẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo kọjá lọ ni mo bà á jẹ́. Màmá Níyì, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi nílé. Níwájú gbogbo ìjọ yìí, mo kúnlẹ̀. Ẹ dárí jì mí, Mà.”